Títíladé, Wọ́n Ṣì Wà Létí Omi

Títíladé mi, ó pé ọdún márùn-ún lónìí. Ọdún márùn-ún! Mo kà á lára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, mo tún fi ìka ọwọ́ kà á, iye kan náà ni. Ọdún márùn-ún tí ẹnì kankan ò sọ fún mi pé, "Bàbá Abọ́sẹ̀dé, ẹ gbé bàtà yín kúrò lẹ́nu ọ̀nà." Bàtà náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà o. Kò sẹ́ni tó ń bá mi jà sí i mọ́, ìyẹn ni ò jẹ́ kí n gbé e.

Láàárọ̀ yìí, ìkùukùu bo gbogbo àdúgbò, èèyàn ò rí igi ọ̀pẹ tó wà níwájú ilé. Mo jókòó síta, mo ń wo ọ̀nà. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé wàá yọ látinú ẹ̀, pẹ̀lú báàgì dúdú rẹ yẹn lápá, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ láíbìrì lọ́wọ́, kó o máa rìn kíákíá bí ẹni tó ti pẹ́. Ìwọ tí o kì í pẹ́! O ò yọ. Òórùn pùpùrù ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń yan nílé kejì ló yọ. Mo ṣáà jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi dé.

Ilé ti parí, Títí. Yàrá méjì ẹ̀yìn yẹn, tó o máa ń sọ pé òjò ń bá wa gbé níbẹ̀ láìsanwó ilé, mo ti kan òrùlé ẹ̀, a ti rẹ́ ẹ. Mo kun fèrèsé ẹ̀ láwọ̀ ewé bó o ṣe fẹ́. Ṣó o rántí bí mo ṣe jiyàn nígbà yẹn pé fèrèsé aláwọ̀ ewé ò dáa? Ó dáa! Mo ti gbà. Ó dáa gan-an ni.

Abọ́sẹ̀dé ti bímọ méjì. Èyí obìnrin, Jésùtómi ni wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi Ìyábọ̀ ni mò ń pè é, ó sì ń dá mi lóhùn. Gbogbo nǹkan tó bá wà lórí tábìlì ló máa ń tì ṣubú, tá á wá wò ó nílẹ̀, tá á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ ni. Ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ igi mi náà ń lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì ti ṣe fírídọ̀mù, ọ̀kan ti ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ní Ìlútítun, ó ń kan bẹ́ẹ̀dì tó ń dún. Mo ti sọ fún un.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ilé kọ́ ló mú mi gbé bírò lónìí. Ọ̀rọ̀ tábìlì ni.

Àwọn tó máa ka ìwé ìrántí yìí, gbogbo wọn kọ́ ló mọ̀ ọ́ níbi iṣẹ́. Jẹ́ n sọ fún wọn, má bínú pé mò ń sọ ohun tó o ti mọ̀ fún ọ. Iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n gbà ọ́ sí ní láíbìrì ìjọba nínú Òkìtìpupa níbí. Ìwọ tó o ti ka ìwé mọ́dà tán, èmi tí mo dúró ní pírámárì mẹ́rin, o ní kò burú, ilẹ̀ náà ìwé ló wà lórí ẹ̀. O gbálẹ̀ títí o fi di ẹni tó ń to ìwé. O to ìwé títí kọ́kọ́rọ́ fi dé ọwọ́ rẹ. Àwọn ọmọdé wá sọ ọ́ ní Màmá Láíbìrì.

Ìgbà yẹn ni kọ́pà kan dé, Olúsọjí, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí tó ń lo awò ojú. Ọdún 1989 ni. Ó gbé eré kan wá nínú páálí, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́ sí i. Kì í ṣe lúdò, kì í ṣe dírááfù. Ẹnì kan á jókòó sídìí tábìlì, á máa sọ ìtàn: ẹ ti dé inú igbó, ẹ gbọ́ ìró kan lẹ́yìn yín, kí lẹ máa ṣe? Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ á lóun ọdẹ ni òun, òun máa lúgọ. Òmíràn á lóun máa gun igi. Wọ́n á wá ju dáìsì. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà ńlá, ohun tó o sọ ló máa ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ kékeré, o ti já sí kòtò. Dáìsì náà, ogún ni ojú ẹ̀. Ogún! Wọ́n sọ fún mi, mo ní irọ́ ni, mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ kà á, ó pé ogún.

Ìtàn kọ́pà, ìtàn ilé olókùúta àti yìnyín ni, àti ejò tó ń fò tó ń tu iná. Nígbà tó sin ìlú tán tó ń lọ, ó ní, "Màmá, mo fi eré àtàwọn ọmọ sílẹ̀ fún yín." O ní, "Yìnyín ò bá mi tan." O da yìnyín nù. Nínú ìtàn tìrẹ, o mú àwọn ọmọ náà jáde láti Ìlútítun, o mú wọn gba inú oko ọ̀pẹ, o mú wọn kọjá lẹ́bàá Iyansan, ẹ ń lọ sí ìlú kan lódìkejì omi, ìlú tí àtùpà ti ń jó lójú ọ̀sán. Kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Wọ́n kàn fẹ́ rí i ni. Ọdún méjì gbáko lẹ fi ń lọ, ní gbogbo Sátidé!

Àwọn mẹ́ta ló dúró tì ọ́ jù. Mofẹ́olúwa, òun ni ọdẹ. Oyèkànmí, òun ni akọ̀pẹ, torí pé bàbá ẹ̀ ń kọ ọ̀pẹ. Lucy, tí ìyá ẹ̀ wá láti etí òkun lọ́hùn-ún, òun ló mú àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ dání. O wá fi òfin kan sí i: ẹni tí ò bá ka ìwé kan tán láàárín ọ̀sẹ̀, dáìsì ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìwé tó ti ń kó eruku láti ayé àwọn òyìnbó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já a gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Èmi ni mo kan tábìlì náà, roboto, kó má bàa sí ẹni tó wà lẹ́yìn. Èmi ni mo gbẹ́ àwọn èèyàn kéékèèké tó ń dúró lórí páálí tẹ́ ẹ ya ọ̀nà sí. Nígbà tí Lucy ju dáìsì kọ́pà tó bá fèrèsé jáde tí òjò gbé e gba gọ́tà lọ, èmi náà ni mo fi ìrókò gbẹ́ òmíràn. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ogún ojú lára igi, ṣé ọ̀rọ̀ eré ni? Àmọ́ apá kan wúwo ju apá kan lọ. Béèyàn bá jù ú, eéje ló máa ń jẹ́. Ẹ tún jù ú, eéje. Mo ní kẹ́ ẹ gbé e wá kí n tún un gbẹ́, o ní rárá, o ní bó ṣe wà yẹn ló dáa. Bó bá ti jẹ́ eéje, gbogbo àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á máa wojú mi láti ojú fèrèsé. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi mí rín. Mo rò pé iṣẹ́ mi ni wọ́n ń bú.

Mo máa ń kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, ayùn léjìká. Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ. "Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́. Omi ni." Gbogbo yàrá á dákẹ́. Títí, mo mọ̀ pé sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ láíbìrì, ṣùgbọ́n nígbà míì tó o bá ń sọ̀rọ̀ báyẹn, ó máa ń ṣe mí bíi pé ilẹ̀ náà tutù, ó ń mì díẹ̀díẹ̀, bíi pé mo dúró sínú ọkọ̀. O máa rí mi lójú fèrèsé, o máa ní, "Bàbá Abọ́sẹ̀dé, ẹ wọlé wá jókòó." Màá ní, "Ìwọ àgbàlagbà! Mo níṣẹ́ lọ́wọ́ jàre." Sátidé tí mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́ pọ̀ o. Mi ò kàn jókòó ni.

Màmá Gbádégẹṣin, ìyá àdúrà wa, ò fẹ́ràn eré náà. Ó dá wa dúró lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú aṣọ funfun ẹ̀, láìwọ bàtà. Ó ní, "Ìyá Abọ́sẹ̀dé, wọ́n ní ẹ máa ń da nǹkan sórí tábìlì, ẹ ó wá máa sọ̀rọ̀ igbó. Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀ ń pe nǹkan?" O kúnlẹ̀ fún un, o ní, "Màmá, àwọn ọmọ ni mò ń pè. Wọ́n sì ń jẹ́ mi." Èmi ni mo rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín rárá.

Àìsàn wá dé. Ẹsẹ̀ rẹ wú, ojú rẹ wú. Mi ò fẹ́ sọ tọsibítù. O lọ, Títí! O lọ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ọ̀túnla ni Sátidé.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe nìyí o. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo lọ kó ẹrù rẹ níbi iṣẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń kó o. Mo kó agboòrùn rẹ, mo kó kọ́ọ̀pù rẹ, súwẹ́tà rẹ, sílípáàsì rẹ. Mo dé ìdí tábìlì, mo bá páálí eré náà, àwọn èèyàn kéékèèké dúró lórí ẹ̀, dáìsì ìrókò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìwé ńlá tó o ń kọ nǹkan sí wà níbẹ̀. Mo ní tìyàwó mi ni. Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú àpótí, mo fi páàdì tì í. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró síta, wọ́n kọ́wọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wò mí. Mo rò pé ìwọ ni wọ́n ń kí pé ó dìgbà.

Wọn ò béèrè eré náà lọ́wọ́ mi rí. Oṣù kan, rárá. Ọdún kan, rárá. Wọ́n ń kí mi o! Mofẹ́olúwa á dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Ìyá Lucy á gbé ẹja gbígbẹ wá. Ṣùgbọ́n wọn ò dárúkọ eré rẹ, wọn ò dárúkọ ìtàn rẹ. Mo wá ń bínú. Mo ní, ẹ wo àwọn ọmọ yìí! Obìnrin tó fi gbogbo Sátidé ẹ̀ fún wọn, wọ́n ti gbàgbé ohun tó fi ọwọ́ ẹ̀ ṣe! Bí wọ́n bá kí mi, ọ̀kan ni màá dáhùn nínú mẹ́rin.

Jẹ́ n jẹ́wọ́ fún ọ. Ọ̀rọ̀ Màmá Gbádégẹṣin náà wọ̀ mí lára. Mo ń rò ó pé bóyá eré yẹn ló mú ẹsẹ̀ rẹ wú. Ní ọdún kejì, mo gbé àpótí náà lọ sídìí ààrò, mo ti ṣá igi sílẹ̀, iná ti ń jó. Ọwọ́ mi ni ò gbà. Mo gbé e padà, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti fẹ́ sun ún o, Títí. Dárí jì mí.

Oṣù tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà, ọ̀gá tuntun tí wọ́n gbé wá sí láíbìrì, yà ní ṣọ́ọ̀bù. Èèyàn dáadáa ni, ará Àkúrẹ́. Ó ní, "Bàbá, tábìlì roboto kan wà lọ́dọ̀ wa, ó kàn ń gbàyè. Ẹ bá wa là á, kẹ́ ẹ fi ṣe pákó tá a máa to ìwé sí." Mo ní ó dáa. Inú mi tutù bí omi, mo ní ó dáa. Ó parí nìyẹn, mo ní lọ́kàn mi. Eré ti parí, tábìlì náà á parí, kò ní ku nǹkan kan níbẹ̀ tó jẹ́ tìẹ mọ́.

Mo mú ayùn, mo lọ ní Sátidé. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ ohùn.

Àwọn mẹ́ta ni, Títí! Mofẹ́olúwa ti hu irùngbọ̀n, ó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Oǹdó. Oyèkànmí ti ń gun ọ̀kadà. Lucy ti di aránṣọ, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Wọ́n jókòó yí tábìlì ká, kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀. Wọ́n ń sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á sọ, ẹnì kejì á gbà á lẹ́nu ẹ̀. A jáde ní Ìlútítun. A rí obìnrin tó ń ta epo tí kò ní òjìji. A sùn lábẹ́ ọ̀pẹ tó ń hó bí èèyàn. Mofẹ́olúwa wá gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́. Omi ni." Bó o ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni! Ayùn bọ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n fò dìde. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, Lucy kúnlẹ̀ tọmọtọmọ.

Mo ní, "Ẹ máa sọ ọ́ lọ. Kí ló dé tẹ́ ẹ dúró?"

Lucy ní, "Ibẹ̀ ló mọ, Bàbá. A ṣì wà létí omi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí Màmá ti lọ. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù la máa ń wá, ká má bàa gbàgbé ibi tá a dé."

Oyèkànmí ní, "Ọkọ̀ la ń dúró dè, sà. Káfíńtà ò tíì kàn án tán."

Mo ní, "Káfíńtà wo nìyẹn tó ń kan ọkọ̀ fún ọdún márùn-ún? Ẹ ò lọ bá ẹlòmíràn?"

Wọ́n wojú ara wọn. Lucy fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ti ń mú un, omijé náà ti ń bọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú o. Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Èmi ni! Wọ́n wá ṣàlàyé. O ti fi mí sínú ìtàn, o ò sọ fún mi. Káfíńtà kan wà létí omi tó ń kan ọkọ̀ tó máa gbé wọn sọdá. Wọ́n á ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ó ti ṣe tán. Bó bá ti jẹ́ eéje, káfíńtà ti lọ jẹun. Sátidé mẹ́ta tó kẹ́yìn, ẹ jù ú, eéje. Ẹ jù ú, eéje. Ẹ jù ú, káfíńtà ti lọ jẹun!

Mo ní, "Kí ló wá dé tẹ́ ò wá gba eré yín lọ́wọ́ mi?"

Mofẹ́olúwa dorí kodò. Ó ní, "Bàbá, ta ló máa lọ béèrè ẹrù olóògbé lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀? Àwọn ìyá wa ní tá a bá dé ọ̀dọ̀ yín, a ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹ̀. A rò pé ẹ ń bínú sí eré náà ni."

"Èmi rò pé ẹ ti gbàgbé ẹ̀ ni!"

Ọdún márùn-ún, Títí! Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi, èmi ń bínú sí wọn. Ìwọ lò bá bú wa dáadáa. Mo gbé ayùn mi, mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà pé màá fi pákó míì ṣe tiẹ̀, tábìlì yẹn ò ṣeé là.

Mo délé, mo ṣí àpótí. Òórùn súwẹ́tà rẹ jáde kí gbogbo nǹkan tó jáde. Abọ́sẹ̀dé bá mi ka ìwé rẹ, torí ìkọ̀wé rẹ kéré jù fún ojú mi. Ojú ewé tó kẹ́yìn, o kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Káfíńtà. Ọkùnrin gíga. Ẹnu ló fi ń bínú, kì í bínú níkùn. Tó bá ti lọ jẹun, ẹ má pariwo mọ́ ọn. Iṣẹ́ ẹ̀ kì í yá, ṣùgbọ́n kì í jò." O wá fa ìlà sábẹ́ èyí tó kù: "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ káfíńtà sọ nínú eré. Òun fúnra ẹ̀ ló máa sọ ọ́. Màá mú un wá jókòó."

Abọ́sẹ̀dé ò lè kà á mọ́. Èmi náà ò lè gbọ́ ọ mọ́. Ẹ wọlé wá jókòó. Ẹ wọlé wá jókòó. Gbogbo Sátidé yẹn!

Igi kan sì wà nísàlẹ̀ àpótí tí mo ti rò pé igi ìdáná ló ṣèèṣì já síbẹ̀. Mo gbé e síta sínú oòrùn. Èèyàn ni, ọ̀bẹ ìdáná lo fi gbẹ́ ẹ. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dọ́gba, orí ẹ̀ tóbi, ayùn wà léjìká ẹ̀. Títíladé, o ò mọ igi gbẹ́ rárá! Èmi ni. Mo mọ ara mi.

Sátidé tó kọjá, mo kó gbogbo ẹ̀ padà. Mo tẹ́ páálí, mo to àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sétí omi, mo gbé káfíńtà rẹ tì wọ́n. Màmá Gbádégẹṣin gbọ́, ó wá, ó gbé ẹ̀pà dání, ó ní òun fẹ́ jókòó ṣọ́ wa. Ó jókòó, ó ń bó ẹ̀pà, ojú ẹ̀ ò kúrò lára dáìsì. Àga rẹ ṣófo. Mofẹ́olúwa fà á fún mi. Mo jókòó, Títí. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n mo jókòó.

Lucy mú dáìsì, ó mì ín, ó jù ú. Ó yí, ó yí, ó dúró.

Eéje.

Oyèkànmí ló kọ́kọ́ sọ ọ́, jẹ́jẹ́: "Káfíńtà ti lọ jẹun." Àní Màmá Gbádégẹṣin pòṣé, ó ní, "Háà! Ṣé ẹ ò tún un jù ni?"

Mo sọ pé rárá. Mo sọ pé, "Káfíńtà ti jẹun tán. Ọkọ̀ ti ṣe tán. Kò jò. Ẹ wọlé."

Ariwo tí wọ́n pa! Ọmọ ẹ̀yìn Lucy jí. Lucy mú àwọn èèyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn sórí omi aláwọ̀ búlúù tó o fi kíréyọ̀nù kùn. Ó wá ń sọ bí àjẹ̀ ṣe ń dún, bí ìkùukùu ṣe bo ojú omi, tí a ò rí etí méjèèjì mọ́. Ilẹ̀ láíbìrì tún tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, Títí, ó ń mì díẹ̀díẹ̀, bíi tìgbà yẹn. Lọ́ọ̀ọ́kán, iná kékeré kan ń tàn lójú ọ̀sán. Ṣé mo rí i ni àbí wọ́n sọ ọ́? Mi ò lè búra. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ níwájú ọkọ̀. Wọn ò béèrè ẹni tó ni ín.

Títíladé Ògúnṣínà, Màmá Láíbìrì, Ìyá Abọ́sẹ̀dé, àárò rẹ ń sọ wá. Ó ń sọ mí tí mo bá jí, ó ń sọ mí tí mo bá jẹun. Ọmọ rẹ ò gbàgbé, àwọn ọmọ tábìlì rẹ ò gbàgbé, èmi náà ò gbàgbé ọ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo fẹ́ràn rẹ nígbà tí mo dúró lójú fèrèsé, mo fẹ́ràn rẹ níbi tí mo jókòó sí báyìí.

Mo ti gbé bàtà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, Títí. Ọ̀nà ti ṣí.